Àbúrò mi ò sùn mọ́, wọ́n sì ní ká gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń de èèyàn mọ́lẹ̀

Obìnrin kan tó jẹ́ tíṣà ní Mararaba ló kọ̀wé sí mi. Ó ní àbúrò òun ọkùnrin, ọmọ ọdún 24, parí àgùnbánirọ̀ lọ́dún tó kọjá, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ òun àti ọkọ òun kó lè wáṣẹ́ ní Abuja. Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn ni kò ti sùn mọ́, á kàn máa rìn káàkiri pálọ̀ lóru, á máa dá sọ̀rọ̀, ó ní àwọn ará kọ́mpáǹdì ń da nǹkan sínú tánkì omi kí wọ́n lè pa òun, ó tiẹ̀ ti yọ síìmù kúrò nínú fóònù ẹ̀ torí ó ní wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tóun ń sọ. Ọkọ obìnrin yìí ní kí wọ́n gbé e lọ sílé, sọ́dọ̀ bàbá onísègùn kan l'Ògbómọ̀ṣọ́. Pásítọ̀ wọn ní kó wá gbààwẹ̀ ọjọ́ 21. Aládùúgbò kan ní òun mọ ilé kan lókè ọya lọ́hùn-ún tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de irú wọn mọ́lẹ̀ títí ara wọn á fi balẹ̀. Ìbéèrè ẹ̀ rèé: "Ṣé ó di dandan ká gbé e kúrò nílé ni? Àbí ibì kan wà ní Abuja níbí tí wọ́n á ti tọ́jú ẹ̀, tí wọ́n á sì kọ́ àwa ará ilé bá a ṣe máa ṣe é? Torí mi ò mọ nǹkan kan, ẹ̀rù sì ń bà mí."

Àǹtí mi, ẹ kú ìfaradà o. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó bẹ̀rẹ̀ èsì yìí, torí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi parí ẹ̀ yẹn, pé ẹ ò mọ nǹkan kan, ẹ̀rù sì ń bà yín, òun ló wọ̀ mí lára jù. Nọ́ọ̀sì ọpọlọ ni mí, mo ti lo ọdún 19 lẹ́nu iṣẹ́ yìí, Kaduna ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó wá sí Abuja, ohun tójú mi sì ti rí ni pé ìdílé tó gbà pé òun ò mọ̀, tó wá ń bèèrè, ọmọ wọn máa ń tètè gbádùn ju ti ìdílé tó rò pé òun ti mọ gbogbo ẹ̀ tán.

Ẹ jẹ́ n dáhùn yín tààrà. Rárá, kò di dandan kẹ́ ẹ gbé e kúrò nílé. Bẹ́ẹ̀ ni, ibì kan wà, kò sì jìnnà sí yín. Lóòótọ́ ìpínlẹ̀ Nasarawa ni Mararaba wà, àmọ́ ẹ kàn máa kọjá Nyanya ni, ẹ ti dé Karu, ọsibítù ìjọba tó wà níbẹ̀, Karu General Hospital, ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Bí ibẹ̀ bá kún jù fún yín, National Hospital wà nínú ìlú, University of Abuja Teaching Hospital wà ní Gwagwalada, àwọn méjèèjì ló ní dọ́kítà ọpọlọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á láti Kaduna, ọsibítù ọpọlọ ìjọba tó wà ní Barnawa ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ̀yin ará Kano ẹ mọ Dawanau, ti Sokoto wà ní Kware, Maiduguri náà ní tiẹ̀.

Àmọ́ mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé tẹ́ ẹ bá ti mú un dé ọsibítù iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Dọ́kítà máa rí i bóyá ìdajì wákàtí lóṣù, ìyẹn tí èrò ò bá pọ̀ o. Gbogbo wákàtí tó kù nínú oṣù yẹn, ọ̀dọ̀ yín ló máa wà. Ilé yín yẹn ni wọ́ọ̀dù tó máa pẹ́ sí jù, ẹ̀yin àti ọkọ yín àtàwọn ọmọ yín sì ni nọ́ọ̀sì ibẹ̀, bẹ́ ẹ fẹ́ bẹ́ ẹ kọ̀. Torí náà ìbéèrè yín kejì yẹn, pé ta ló máa kọ́ yín, lójú tèmi òun gan-an ni ìbéèrè.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni mò ń sọ fún yín. Lọ́dún 1954, ọmọ Abẹ́òkúta kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan ní ọsibítù ọpọlọ tó wà ní Aró, l'Abẹ́òkúta. Dípò kó máa ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé, ó bá àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ọsibítù sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gbà wọ́n sílé, aláìsàn kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ mú ẹbí ẹ̀ kan dání, bóyá ìyá ẹ̀ ni o, àbúrò ẹ̀ ni o, ẹni yẹn á máa sè fún un, á máa bá a lọ sọ́sibítù láàárọ̀ láti gbàtọ́jú, wọ́n á jọ padà sábúlé lálẹ́. Ó tiẹ̀ ń bá àwọn onísègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Gbogbo ayé wá wo ohun tó ṣe yẹn, òun náà sì wá di igbákejì ọ̀gá àgbà fún àjọ ìlera àgbáyé, WHO. Ohun tí Lambo rí nígbà yẹn ni pé tí wọ́n bá gba èèyàn kúrò lọ́wọ́ àwọn èèyàn ẹ̀, tára ẹ̀ bá tiẹ̀ yá, kò ní mọ ibi tó máa padà sí mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn tí ọkọ yín bá tún dá ọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí àbúrò yín. Mi ò lè tinú lẹ́tà sọ orúkọ àìsàn, dọ́kítà tó bá rí i sójú ló máa sọ ọ́. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ kọ yìí, àìsùn, ìfura pé wọ́n fẹ́ pa òun, kó máa dá èèyàn tí a ò rí lóhùn, àwa tá a wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa, ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní bí ọdún 18 sí 30, ó sì láwọn oògùn tó ń ṣiṣẹ́ fún un. Bó bá ṣe yá kó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú tó ló ṣe máa ń rọrùn tó. Oṣù méjì ti lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kó di oṣù mẹ́ta.

Wọ́n á kọ́kọ́ wò ó bóyá nǹkan mìíràn ló wà nídìí ẹ̀. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, wọ́n á bèèrè bóyá ó ti ṣubú lu orí rí, bóyá wárápá wà nínú ẹbí, bóyá ibà ń ṣe é. Wọ́n á sì bèèrè nípa igbó, tramadol, sírọ́ọ̀pù ikọ́ oní-codeine àtàwọn nǹkan mìíràn. Ẹ má bínú sí ìbéèrè yẹn. Lọ́dún 2018 àjọ UNODC, ìyẹn àjọ UN tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn, àti ìjọba wa ka iye èèyàn tó ń lo oògùn nílòkulò ní Nàìjíríà, wọ́n rí i pé wọ́n tó mílíọ̀nù 14.3 láàárín ẹni ọdún 15 sí 64, ọdún yẹn náà ni ìjọba fòfin de sírọ́ọ̀pù oní-codeine. Nítorí náà kì í ṣe ọmọ burúkú nìkan ló ń kó sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bi í nílé, ẹ má bi í bí ọlọ́pàá, ẹ jókòó tì í níta nígbà tí ọkàn ẹ̀ bá fúyẹ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ ní "ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ẹ máa ń fi nǹkan kan tura tí wọn ò bá rí oorun sùn, ṣé ìwọ náà ti gbìyànjú ẹ̀?" Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má pariwo. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ pé ó sọ fún yín.

Ọ̀rọ̀ omi tánkì yẹn wá ńkọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbìyànjú láti fi yé e pé kò sí nǹkan kan nínú omi náà, ẹ ti mu ú lójú ẹ̀, ẹ ti búra. Kò sì gbà. Kò ní gbà, torí pé lójú tiẹ̀ òótọ́ ni, bó ṣe dá ẹ̀yin náà lójú pé ìwé yìí lẹ̀ ń kà. Tẹ́ ẹ bá ń bá a jiyàn, ńṣe lẹ̀ ń sọ fún un pé ẹ wà lẹ́yìn àwọn tó fẹ́ pa á. Tẹ́ ẹ bá sì gbà pẹ̀lú ẹ̀ pé òótọ́ ni, ẹ̀rù á tún wá bà á sí i. Ohun tá a máa ń kọ́ àwọn ẹbí ni pé kí wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rù yẹn, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ omi sílẹ̀: "Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà ẹ́ gan-an. Èmi ò rí nǹkan kan nínú omi yẹn o, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ̀rù tó ń bà ẹ́ kì í ṣe irọ́. Jẹ́ ká ra piọ́ wọ́tà, ìwọ fúnra ẹ ni kó o já a." Ẹ rí i, ẹ ò purọ́, ẹ ò sì bá a jà. Ó máa gba sùúrù o, ẹ lè sọ ọ́ nígbà ogún lọ́jọ́ kan.

Èyí ló mú mi rántí ilé kan tí mo lọ ní Kaduna, ó ti pẹ́ díẹ̀. Ìyá kan, oníṣòwò, ọmọ ẹ̀ ò fẹ́ loògùn, ó wá ń lọ oògùn oníhóró yẹn lúbúlúbú, ó ń pò ó mọ́ kunu. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é. Èmi náà mọ̀ pé ó ń ṣe é, mi ò sọ fún un pé kó má ṣe é mọ́, torí pé ara ọmọ náà ti ń balẹ̀, mo rò pé ó ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan mo yà sọ́dọ̀ wọn, ọmọkùnrin yìí gbé ife wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó yí i síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ó ní kí n wo ìdí ẹ̀. Mo wò ó. Ìyẹ̀fun funfun kan ti rọ̀ sísàlẹ̀, ó dà bí ìdí ife tí ṣúgà ò tíì yọ́ tán nínú ẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ rí i? Mo ti ń sọ fún yín látọjọ́ yìí pé wọ́n ń fi nǹkan sínú ohun tí mò ń mu." Kí ni mo fẹ́ sọ? Òótọ́ ló ń sọ. Ẹ̀rù tí àìsàn gbé kalẹ̀ sí i lórí, àwa la fọwọ́ ara wa sọ ọ́ di òótọ́. Láti ọjọ́ yẹn kò jẹ oúnjẹ tí ìyá ẹ̀ bá sè mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kunu inú ọ̀rá tó rà fúnra ẹ̀ nìkan ló ń mu. Nítorí náà, Àǹtí mi, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín, ẹ má fi oògùn pamọ́ sínú oúnjẹ ẹ̀, pàápàá ẹni tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ omi. Tó bá kọ oògùn, ẹ sọ fún dọ́kítà. Abẹ́rẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tàbí lọ́sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń gún un, tó bá fẹ́ ìyẹn, ọ̀rọ̀ oògùn ojoojúmọ́ ti tán nílẹ̀.

Ẹ tún bèèrè ohun tí oògùn náà lè ṣe fún un tí kò dáa, ẹ bèèrè ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú dọ́kítà. Mo fẹ́ dúró lórí èyí díẹ̀ torí ó ti ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́. Ọmọkùnrin kan, wọ́n fún un ní haloperidol, oògùn àìsàn ọpọlọ kan, ní ọsibítù kan, ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé nǹkan kan fún wọn, wọ́n kàn kọ ìwé lé wọn lọ́wọ́. Lóru ọjọ́ kejì ọrùn ẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ó sì gan síbẹ̀, ojú ẹ̀ lọ sókè kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́, ahọ́n ẹ̀ wúwo lẹ́nu. Gbogbo kọ́mpáǹdì jí. Àwọn kan ní àǹjọ̀nú tó wà lára ẹ̀ ló ń bínú pé wọ́n fún òun lóògùn òyìnbó, wọ́n gba oògùn náà lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ wọ́n dà á sí ṣalánga. Oògùn yẹn náà ló fà á lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe bí wọ́n ṣe rò. Haloperidol àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, pàápàá àwọn ọ̀dọ́kùnrin, láàárín ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó sì ní oògùn tó ń tú u. Ẹni tó gba ọmọ yìí sílẹ̀ kì í tiẹ̀ ṣe dọ́kítà, obìnrin kan ni tó jẹ́ CHEW, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè, ní sẹ́ńtà ìlera kékeré tó wà ládùúgbò wọn, tó ti jókòó síbi ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan lórí àìsàn ọpọlọ. Ìbéèrè kan péré ló bi wọ́n: "Oògùn wo ló lò lánàá?" Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kan, kò pẹ́ rárá tí ọrùn fi padà sáàyè ẹ̀, ó béèrè omi.

Nígbà tí mo bá ń sọ pé kí wọ́n kọ́ àwọn oníṣẹ́ ìlera, irú obìnrin yẹn ni mo ní lọ́kàn. WHO ti gbé ètò kan kalẹ̀ láti ọdún 2008, mhGAP ni wọ́n ń pè é, ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé dọ́kítà ọpọlọ ò lè kárí, kí wọ́n wá kọ́ nọ́ọ̀sì àti CHEW àti dọ́kítà gbogboogbò bí wọ́n ṣe máa dá àìsàn ọpọlọ, wárápá, àti wàhálà ọtí àti oògùn mọ̀, kí wọ́n máa tọ́jú èyí tí agbára wọn ká, kí wọ́n sì tari èyí tó bá jù wọ́n lọ síwájú. Nàìjíríà ti ṣe ìwé tiwa jáde látinú ẹ̀. Ẹ yà sí sẹ́ńtà ìlera tó sún mọ́ yín, ẹ bèèrè bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ti gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Tí kò bá sí, ìbéèrè yín yẹn náà wúlò, torí ọ̀gá ibẹ̀ máa mọ̀ pé àwọn èèyàn ń wá a.

Àwa nọ́ọ̀sì náà ní tiwa. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ mo máa ń kọ káàdì oògùn lédè òyìnbó, "one morning, two night", mo máa ń fà á lé ìyá àgbà lọ́wọ́ tí mi ò ní bèèrè bóyá ó lè kà á. Ìyá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti wà ní Kaduna fún ọ̀pọ̀ ọdún ló gbé káàdì náà padà wá bá mi, ó ní "ọmọ mi, oòrùn àti òṣùpá ni kó o yà fún mi." Mo fi báírò ya oòrùn, mo ya òṣùpá, mo wá fi tó-tò-tó ya iye tó máa lò sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Títí dòní bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe é. Tí wọ́n bá fún yín ní ìwé tí kò yé yín, ẹ dá a padà, kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ lédè tó bá yé yín. Ẹ má tijú.

Ó ku bẹ́ ẹ ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀ nílé. Ní London, láti àwọn ọdún 1950 lọ, olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ George Brown kíyè sí i pé àwọn aláìsàn tí wọ́n bá padà sílé tí wọ́n ti ń bú wọn, tí wọ́n ń ṣàríwísí wọn láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn ló máa ń padà wá sí ọsibítù jù. Ilé tí wọ́n ti ń ké jù náà wà níbẹ̀ o, níbi tí wọ́n ti ń sunkún lé e lórí, tí wọn ò jẹ́ kó dá nǹkan kan ṣe, ìyẹn náà máa ń mú kí àìsàn padà wá. Wọ́n sì ti dán an wò káàkiri ayé lẹ́yìn ìgbà yẹn pé tí wọ́n bá kọ́ ẹbí bí wọ́n ṣe máa ṣe é, àìsàn náà kì í tètè padà. Nílé Yorùbá, mo mọ bí ọ̀rọ̀ wa ṣe máa ń rí: "Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́." "Ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kó dìde." "Ta ló ṣe irú èyí rí nínú ẹbí wa?" A ò ní i lọ́kàn láti pa á lára, àmọ́ orí tó ń gbọ́ ohùn méjì-mẹ́ta tẹ́lẹ̀, ẹ ò tún fẹ́ da tiyín lé e. Ẹ fún un níṣẹ́ kékeré tó lè parí, kó pọnmi, kó gbálẹ̀ iwájú ilé, kó bá ọmọ yín kékeré ṣe iṣẹ́ ìṣírò. Ẹ kí i tó bá ṣe é tán. Ọ̀rọ̀ náà "wèrè", àti "mahaukaci" táwọn ọmọ àdúgbò máa ń pè é lédè Hausa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nínú ilé yẹn, kódà bí eré. Ó ń gbọ́.

Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ àti pásítọ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ bá wọn jà. Àdúrà dáa, mo gbà á. Àmọ́ ẹ sọ fún pásítọ̀ pé àbúrò yín ò lè gbààwẹ̀, torí ẹni tí kò sùn, tí kò jẹun, tí kò mumi dáadáa, ara ẹ̀ lè dá kú, oògùn ò sì ṣeé lò sínú irú ara bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n wá gbàdúrà fún un nílé, kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n bá a jẹun. Ní ti àgbo, àwọn baba wa mọ nǹkan, egbò asofẹ́yẹjẹ tí wọ́n máa ń lò fún àìsàn orí yẹn, ohun tó wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ reserpine, àwọn dọ́kítà òyìnbó náà lò ó fún àìsàn ọpọlọ láwọn ọdún 1950. Wọ́n fi í sílẹ̀ nígbà tí wọ́n rí oògùn tó dáa jù ú, torí pé ó ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, ó sì lè mú kí ọkàn èèyàn rẹ̀ wẹ̀sì. Nínú ìgò àgbo, ẹnikẹ́ni ò mọ iye tó wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pò ó mọ́ oògùn ọsibítù, ó lè dá a wólẹ̀. Tó bá ti mu àgbo tẹ́lẹ̀, ẹ sọ fún dọ́kítà, ẹ má fi pamọ́.

Ilé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yẹn, rárá. Lóṣù September 2019, ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa ní Kaduna, wọ́n kó ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó lé ní 300 jáde, ọ̀pọ̀ wọn pẹ̀lú ṣéènì lẹ́sẹ̀, ẹbí wọn fúnra wọn ló mú wọn lọ síbẹ̀ pé kí wọ́n lọ tún wọn ṣe. Kì í ṣe òkè ọya nìkan ni irú ẹ̀ wà, ó wà lọ́dọ̀ wa ní ìwọ̀ oòrùn náà, ó wà láwọn ilé àdúrà kan, ó wà lọ́dọ̀ àwọn onísègùn kan. Mo ti rí ọgbẹ́ tí irin dá sí ọrùn ẹsẹ̀ èèyàn, ó ń kẹ̀, àìsàn orí ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Òfin tá a ń lò látọdún 1958, tí wọ́n dìídì pè ní òfin wèrè, ìjọba ti pa á tì, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní January 2023, ohun tí òfin náà sì dúró lé lórí ni pé aláìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú àti sí iyì bíi gbogbo èèyàn.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò ní dúró de ọjọ́ klíníìkì. Tó bá sọ pé ó wu òun kóun kú, tàbí pé ohùn kan ń sọ fóun pé kóun ṣe ẹnì kan léṣe, tàbí tí kò jẹun tí kò mumi fún ọjọ́ kan sí méjì, tàbí tí ara ẹ̀ gbóná tó sì ń sọ ìsọkúsọ, ẹ gbé e lọ lóru ọjọ́ yẹn, ọsibítù ńlá èyíkéyìí tó bá sún mọ́ yín. Ẹ kó oògùn eku, oògùn ẹ̀fọn àti ọ̀bẹ kúrò níbi tọ́wọ́ ẹ̀ lè tó. Ẹ lè bi í lójúkojú pé "ṣé ó ń wá sí ẹ lọ́kàn pé kó o kú?" Ìbéèrè yẹn kò ní gbé èrò náà sí i lórí, ó kàn máa jẹ́ kó rí ẹni sọ ọ́ fún ni.

Oògùn kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Oorun ló máa kọ́kọ́ padà, ìfura yẹn lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó máa yọ́ lọ. Lẹ́yìn tára ẹ̀ bá yá pátápátá, WHO ní ó yẹ kó ṣì máa lò ó fún oṣù 12 ó kéré tán, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣubú, torí wọ́n á ní "ara ẹ̀ ti yá, kí ló tún ń loògùn sí?" Dọ́kítà nìkan ló lè dá a dúró, díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé oorun ẹ̀ tún ti ń dín kù, ọjọ́ méjì, mẹ́ta, ẹ má dúró de ọ̀rọ̀ omi. Oorun ló máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́dọ̀ máa sùn o. Ẹ pín òru náà láàárín ẹ̀yin àti ọkọ yín, kẹ́ ẹ sì ní kó bá yín lọ sí klíníìkì lẹ́ẹ̀kan, torí ohun tí dọ́kítà bá sọ fún un fúnra ẹ̀ á wọ̀ ọ́ létí ju tèmi lọ. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi yín hàn nọ́ọ̀sì tàbí sóṣíà wọ́kà wọn, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ń bá àwọn ẹbí jókòó. Tí wọn ò bá ní, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì kan fún yín ní ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn klíníìkì. Tíṣà lẹ sì jẹ́, tó bá yá, ẹ pe nọ́ọ̀sì yẹn wá síléèwé yín kó wá bá àwọn tíṣà sọ̀rọ̀, torí ọmọ tẹ́ ẹ rò pé ó kàn ń wo fèrèsé ní kíláàsì yẹn, wárápá kan wà tó máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti bẹ́ ẹ ṣe máa mú un lọ, ẹ má sọ pé ẹ̀ ń mú un lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà ọpọlọ torí pé ó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má sì purọ́ pé ọjà Nyanya lẹ̀ ń lọ, ọjọ́ tó bá mọ̀ ni yóò dẹ́kun àtigbà yín gbọ́. Oorun ni kẹ́ ẹ fi wọlé. Òun náà mọ̀ pé òun ò sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ ní "oṣù méjì lo ò ti sùn, ó ń dùn mí, jẹ́ ká lọ rí dọ́kítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oorun." Ẹ lọ láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ mú piọ́ wọ́tà tí òun fúnra ẹ̀ rà dání àti nǹkan jíjẹ, torí ẹ máa tò. Láti alẹ́ òní, ẹ wá ìwé kékeré kan, kẹ́ ẹ máa kọ aago tó sùn, aago tó jí, ohun tó jẹ, ọ̀rọ̀ tó sọ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, ẹ mú un dání fún dọ́kítà. Lẹ́yìn ẹ̀ ẹ kọ orúkọ oògùn tí wọ́n bá fún un ránṣẹ́ sí mi, bó ṣe wà lára páálí ẹ̀, màá ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún yín.